Ó Ti Dákẹ́

Ìbọn ni Sájẹ́ǹtì gbé dání wọ ilé ìwòsàn náà, torí pé idà ló gbọ́ lórí fóònù.

"Bàbá kan ló pè, Ọ̀gá," ló ń sọ bí wọ́n ṣe ń gun àtẹ̀gùn. "Ẹkún ò jẹ́ kí n gbọ́ wọn dáadáa. Wọ́n ní wọ́n ti jí idà ìyàwó àwọn. Mo ní níbo? Wọ́n ní ní ilé ìwòsàn. Mo wá ń rò ó pé irú obìnrin wo ló ń gbé idà wá gba abẹ́rẹ́."

"Ìda," ni ọ̀gá rẹ̀ dá a lóhùn. "Kì í ṣe idà. Ìda, bí ìda àbẹ́là."

Sájẹ́ǹtì dúró. Ó wo ìbọn, ó wo ọ̀gá rẹ̀. "Àbẹ́là ni mo gbé ìbọn wá bá jà?"

"Lọ gbé e padà sínú ọkọ̀. Tí o bá ń bọ̀, kó etí rẹ dání."

Àǹtí Ṣàlàyé ni wọ́n ń pe ọ̀gá yìí ní àgọ́ ọlọ́pàá. Kì í lu ẹnikẹ́ni, kì í pariwo. Yóò kàn jókòó síwájú ẹni tó ń purọ́, yóò káwọ́ lẹ́rán, yóò ní "Ṣàlàyé," yóò sì máa wò ó títí irọ́ náà yóò fi rẹ ẹni tó ń pa á. Ògbólógbòó olè kan ti bẹ̀bẹ̀ rí pé kí wọ́n jọ̀ọ́ na òun, kí wọ́n ní kí obìnrin yẹn máa lọ sílé.

Bàbá tó pè wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta yàrá àyẹ̀wò. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ gba kọ́nà tóóró.

"Wọ́n gé kókó kúrò lọ́mú ìyàwó mi," ló wí. "Jẹjẹrẹ ni. Wọ́n rì í sínú ìda kó má bàa bàjẹ́. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kì í ṣe èyí tó le. A dúpẹ́, a lọ sílé. Àfi bí oníṣẹ́-abẹ ṣe ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Ìgbà yẹn ni wọ́n ní àwọn ò rí ìda mọ́. Ẹran ara ìyàwó mi! Ṣé ó ní ẹsẹ̀ ni?"

"Ta lẹ fura sí, Bàbá?"

"Èmi awakọ̀ ni. Tí mo bá rí ọkọ̀ tó fara gbá nǹkan, tí mo wá rí dírẹ́bà tó ń yára nu ara ọkọ̀, mo mọ ẹni tó ṣe é." Ó fi àgbọ̀n nà sí ilẹ̀kùn yàrá dókítà.

*

Dókítà tó ń ka èsì àyẹ̀wò jẹ́ obìnrin tín-ín-rín kan tí ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi. Ó ń to àwọn bírò orí tábìlì rẹ̀, ó ń tú wọn, ó tún ń tò wọ́n.

"Ẹ ṣàlàyé fún mi bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ iléèwé," ni Àǹtí Ṣàlàyé wí.

"Nígbà tí ọmọ bá wà nínú oyún, jíìnì kan wà nínú ara rẹ̀ tó dà bí ọ̀gá àwọn akọ́lé. Òun ló ń pàṣẹ. Ìwọ, di apá. Ìwọ, di ẹ̀yìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ yẹn, ẹ ṣí kúrò, ẹ lọ sọ́ọ̀ún. Tí ilé bá ti parí, ọ̀gá akọ́lé á lọ sùn. Kò yẹ kó jí mọ́ títí ayé ẹni náà."

"Tó bá wá jí ńkọ́?"

"Tó bá jí nínú kókó jẹjẹrẹ, àṣẹ àtijọ́ ló máa tún bẹ̀rẹ̀ sí í pa. Ẹ dìde, ẹ ṣí kúrò. Kò mọ̀ pé ilé ti parí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó jókòó sójú kan á di ìsáǹsá, wọ́n á wọ ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n á wọ egungun. Irú jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀, eré burúkú ló ń sá. Oògùn kékeré ò lè lé e bá."

"Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ bóyá ó sùn tàbí ó jí?"

"A máa ń gé ìda náà pẹ́lẹ́ńgẹ́, a ó tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, a ó da oògùn lé e. Tí akọ́lé bá ti jí, ara ẹran náà á di àwọ̀ kọfí. Tó bá sùn, funfun báláú ni."

"Ti ìyàwó Bàbá Awakọ̀?"

"Funfun." Ojú fèrèsé ló ń wò nígbà tó sọ ọ́.

"Àmọ́ oníṣẹ́-abẹ ò gbà yín gbọ́."

"Ó ní ìrísí kókó náà burú ju èsì mi lọ. Ọ̀la ni wọ́n máa jókòó yan oògùn fún obìnrin náà. Tí wọ́n bá tẹ̀ lé èsì mi, oògùn oníhóró ni wọ́n máa fún un, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Tí mo bá ṣì í kà…" Ó gbé bírò kan sílẹ̀.

"Ṣé ẹ ò lè gé ẹran mìíràn lára rẹ̀?"

"Kò sí mìíràn. Wọ́n ti gé kókó náà kúrò tán. Gbogbo ohun tó kù nínú rẹ̀ láyé yìí, inú ìda yẹn ló wà."

Àǹtí Ṣàlàyé káwọ́ lẹ́rán. "Dókítà, tí a ò bá rí ìda yìí, ta ló máa jàǹfààní?"

Bírò tó wà lọ́wọ́ dókítà dúró.

"Èmi," ló wí. "Èmi nìkan. Kò sẹ́ni tó máa lè sọ láéláé pé mo ṣì í kà."

Sájẹ́ǹtì ń wo ọ̀gá rẹ̀ bí ajá tó rí egungun. Ó hàn pé ìdáhùn yẹn tó fún un. Ọ̀gá rẹ̀ dìde. Bó ṣe tẹ ẹnu ọ̀nà, nǹkan kan dún ràkà lábẹ́ bàtà rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú èéfọ́ gíláàsì kékeré kan.

"Ẹnì kan ló ju odidi àwo gíláàsì àyẹ̀wò sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi lọ́sẹ̀ tó kọjá," ni dókítà wí. "Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ti sá lọ. Kò tilẹ̀ gbá a."

"Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù?"

"Oníṣẹ́-abẹ. Èsì yẹn gan-an ni mo ń sọ fún un."

Àǹtí Ṣàlàyé fi èéfọ́ náà sínú àpò rẹ̀.

*

Ọkùnrin tó ń gé ìda ní yàrá àyẹ̀wò, Agé-ìda ni gbogbo wọn ń pè é. Ẹ̀rọ kan wà níwájú rẹ̀ tó ń gé ìda bí ẹni ń gé búrẹ́dì, àmọ́ búrẹ́dì tó fẹ́lẹ́ débi pé èémí ẹni lè gbé e lọ. Bó ṣe rí ọlọ́pàá, ó gé ìka ara rẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́ o," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Ìyẹn náà, ṣé ẹ máa rì í sínú ìda?"

Agé-ìda ò rẹ́rìn-ín. Òógùn ti bo imú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ amútútù ń fẹ́ sí i lára.

"Gbé gíláàsì ìyàwó awakọ̀ wá," ni Àǹtí Ṣàlàyé wí. "Kí o sì gbé ti ẹlòmíràn tì í."

Ó gbé méjèèjì wá. Àǹtí Ṣàlàyé gbé wọn sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Lórí gíláàsì ẹlòmíràn náà, ẹran funfun kan wà láàárín, tóótó ẹran kékeré kan sì wà ní igun tó ti di àwọ̀ kọfí. Lórí ti ìyàwó awakọ̀, ẹran funfun ló wà láàárín. Igun rẹ̀ ṣófo.

"Kí ni tóótó yìí?"

"Ẹlẹ́rìí ni, Mà."

"Ẹlẹ́rìí kẹ̀?" Sájẹ́ǹtì sún mọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ tó yé e ti dé.

"Bí a ṣe ń pè é nìyẹn. Ẹran ibi ọmọ ni, èyí tó máa ń tẹ̀ lé ọmọ jáde. Akọ́lé kì í sùn nínú ibi ọmọ. A máa ń fi díẹ̀ sí igun gíláàsì. Tí ẹlẹ́rìí bá di àwọ̀ kọfí, a mọ̀ pé oògùn ṣiṣẹ́. Nígbà náà, tí ti aláìsàn bá funfun, a lè gbà pé òótọ́ ló funfun."

"Tí ẹlẹ́rìí náà bá funfun ńkọ́?"

"Oògùn ló bàjẹ́ nìyẹn. A ò gbọ́dọ̀ ka nǹkan kan."

"Tí kò bá wá sí ẹlẹ́rìí rárá?"

Agé-ìda jókòó láì sẹ́ni tó ní kó jókòó. "Ó tán lọ́jọ́ náà. Èmi ló yẹ kí n lọ béèrè òmíràn ní yàrá ìgbẹ̀bí. Mo ní tó bá di ọ̀la. Mo gbé gíláàsì lọ fún Dókítà bẹ́ẹ̀, mo ní tí wọ́n bá rí i, wọ́n á dá a padà. Wọn ò dá a padà. Mo wá dákẹ́." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ẹ̀jẹ̀ ìka rẹ̀ sì yí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Láti ọjọ́ yẹn, Mà, mi ò lè wo bàbá tó wà níta yẹn lójú."

"Ìwọ lo wá kó ìda pamọ́?"

"Rárá! Ẹ̀ṣẹ̀ kan ni mo dá. Ẹ dákun, ẹ má fi ìkejì kún un fún mi."

*

Yàrá ìkó-nǹkan-sí wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àpótí onírin ló kún inú rẹ̀ dé òkè. Akọ̀wé tó ń tọ́jú ibẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan tí ojú rẹ̀ wú, tó sì pọ́n.

"Nọ́mbà yẹn ò sí níbí, Mà. Ìwé sọ pé àpótí yìí ló yẹ kó wà. Mo ti tú gbogbo ẹ̀."

"Ṣé ibòmíràn wà tí ẹ ń kó ìda sí?"

"Àwọn tó wà láyé la kó síbí. Ti àwọn tó ti lọ wà nínú ilé àtijọ́ lẹ́yìn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi wọ́n kọ́ṣẹ́."

"Ẹni tá à ń wí yìí ò tíì lọ o," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Ọkọ rẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì níta, ó ń wa fìlà."

"Ìdí nìyẹn tí mi ò fi débẹ̀, Sà."

"Ṣé o mọ ẹni tó ni nọ́mbà náà?" ni Àǹtí Ṣàlàyé béèrè.

"A kì í pe orúkọ aláìsàn níbí, Mà. Òfin ni. Tí wọ́n bá ń béèrè nǹkan, nọ́mbà nìkan ni wọ́n ń fún mi, kí a má bàa máa gbé ọ̀rọ̀ ara ẹni jáde."

"Ẹkún ò sí nínú òfin, àmọ́ o ti sunkún."

Ọmọbìnrin náà yíjú sí ògiri. "Ẹnì kan tí mo mọ̀ ló kú, Mà."

"Pẹ̀lẹ́. Ẹbí rẹ ni?"

"Rárá. Ẹni tí mo ṣẹ̀ ni."

Àǹtí Ṣàlàyé ò fi agbára mú un. Ṣe ló kàn ń wò ó bí ó ṣe ń ti àwọn àpótí náà pa pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn yàrá tí ọmọ ń sùn nínú rẹ̀.

*

Nígbà tí wọ́n padà bá dókítà nípa ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí, kò jiyàn.

"Mo rí i pé kò sí ẹlẹ́rìí," ló wí. "Ẹ má bá Agé-ìda wí. Mo rí i."

"Ẹ wá kà á."

"Ìròyìn burúkú ni mo ti ń kọ láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ kan. Olùkọ́ kan tí ò tíì gbéyàwó. Nígbà tí mo fi gíláàsì yẹn sábẹ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá, tí mo rí funfun, inú mi dùn. Mo ní ẹ ṣeun, ó kéré tán, ẹnì kan. Mo gbé fóònù." Ó rẹ́rìn-ín kan tí kò dénú. "Ìròyìn ayọ̀ ni. Ta ló ń bi ìròyìn ayọ̀ léèrè ẹlẹ́rìí?"

"Ó parí nìyẹn, Ọ̀gá," ni Sájẹ́ǹtì wí bí wọ́n ṣe jáde. Ohùn rẹ̀ ò kéré. "Ó ti jẹ́wọ́. Dókítà ló kó o pamọ́."

Bàbá Awakọ̀ gbọ́ ọ. Ó dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà dókítà, ó ń wò ó. Dókítà tẹ orí ba. Àǹtí Ṣàlàyé rí gbogbo rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n lára pé ó yẹ kí òun ti pa Sájẹ́ǹtì lẹ́nu mọ́.

Inú ọkọ̀ ló ti sọ̀rọ̀. "Tó bá jẹ́ ìwọ lo ṣe àṣìṣe yẹn, kí lo máa kọ́kọ́ sọ nù?"

"Ìda."

"Ìda ò mọ nǹkan kan. Gíláàsì ló mọ̀. Gíláàsì ló wà níbẹ̀ tó ń pariwo fún gbogbo ayé pé òun ò ní ẹlẹ́rìí. Bíńtín ni, ó lè já bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sẹ́ni tó máa béèrè. Dókítà ò fọwọ́ kàn án. Agé-ìda gbé e wá fún mi fúnra rẹ̀. Ṣé bí ẹni tó ń pa ẹ̀rí rẹ́ ṣe ń ṣe nìyẹn?"

Sájẹ́ǹtì yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. "Gbogbo wọn ló jọ ẹlẹ́ṣẹ̀ ṣá."

"Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni gbogbo wọn. Kò sí olè nínú wọn. Wà wá lọ sọ́dọ̀ obìnrin náà. Láti àárọ̀ la ti ń sọ̀rọ̀ ẹran rẹ̀, a ò tíì kí òun fúnra rẹ̀."

*

Télọ̀ ni ìyàwó awakọ̀. Ìyá Télọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ju kí ẹ̀rọ ìránṣọ kan, tábìlì kan àti àlejò méjì gbà níbẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ni, ó ń dún gbirigbiri, obìnrin náà sì ń sọ̀rọ̀ lórí ariwo rẹ̀ bí ẹni tó ti ń bá a jiyàn láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ṣé ẹ ti rí ẹran mi?" ló kí wọn. "Tó bá jẹ́ pé ológbò ló gbé e, kí wọ́n sọ fún mi. Mi ò ní bá ológbò jà."

"A ṣì ń wá a, Mà."

"Ọkọ mi ń sunkún kiri. Mo ní kó yéé sunkún, kó wá bá mi tẹ bọ́tìnì. Kò gbọ́." Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ ń lọ síbi igbá àyà rẹ̀ léraléra, ó ń padà. "Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ò ju ẹyọ kan lọ. Nǹkan tó wà lára mi yìí, ṣé ó jókòó ni, àbí ó ń rìn? Tó bá ń rìn, kí wọ́n jẹ́ kí n bá a rìn. Mi ò fẹ́ kó fi mí sílẹ̀ lójú oorun."

Àǹtí Ṣàlàyé gbé ojú sókè. Ó ń wo àwọn aṣọ tó wà lára ògiri. Gbogbo wọn ṣì ní òwú tó ń já dòòdò, àyàfi ẹyọ kan, aṣọ aláwọ̀ àlùkò ọlọ́wọ́ gígùn, tí wọ́n ti lọ̀ gbẹrẹgẹdẹ. Bébà kékeré kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n kọ "Akọ̀wé" sí.

"Ta ló ni èyí?"

"Ọmọ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn yín yẹn náà ni. Ẹnu ẹ̀ mú bí abẹ! Mo ní kó wá lọ́jọ́ Ẹtì, ó wá, kò tíì ṣe tán. Mo ní kó wá lọ́jọ́ Ajé, mi ò tíì gé e. Ẹ̀yin náà mọ télọ̀." Ó rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ tó dé kẹ́yìn, ó pariwo lé mi lórí. Ó ní, 'Ìyá Télọ̀, ṣé tí ẹ bá kú tán lẹ máa tó fún mi láṣọ mi?' Kò mọ̀ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé ìwòsàn dé ni. Mi ò sọ fún un. Mo kàn rán an tán lọ́jọ́ kejì."

"Kí ló wá dé tó ṣì wà níbí?"

"Ohun tí mo ń bi ara mi nìyẹn. Ẹni tó ń dà mí láàmú láàárọ̀, lálẹ́! Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò wá, kò pè. Bóyá ó ti bínú ju."

Àǹtí Ṣàlàyé dìde lọ́gán. "Sájẹ́ǹtì, kí ló ń mú kí èèyàn ṣíwọ́ lílọ sílé télọ̀ tí aṣọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Tí kò bá fẹ́ aṣọ náà mọ́."

"Tàbí tó bá rò pé kò sí ẹni tó máa bá níbẹ̀ mọ́." Ó ti ń lọ síbi ọkọ̀.

*

Ó ní kí Sájẹ́ǹtì dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn dókítà. "Má yọ́jú. Ṣáà gbọ́. Tí o bá gbọ́ ohun tó ká ọ lára, kí o wọlé." Ó wọlé, ó fi fóònù lé dókítà lọ́wọ́.

"Ohun tí ẹ sọ fún oníṣẹ́-abẹ lọ́jọ́ yẹn, ẹ tún un sọ fún mi bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹ fi inú dídùn yẹn náà sí i."

Dókítà wò ó bí ẹni tó ń wo wèrè, síbẹ̀ ó gbé fóònù sétí. "Ẹ ǹlẹ́ o. Mo mọ̀ pé òfin ò fẹ́ orúkọ, àmọ́ Ìyá Télọ̀ yẹn ni, ìyàwó awakọ̀. Ó ti dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, pátápátá. Ẹ má da ara yín láàmú mọ́ lórí ẹ̀."

Ilẹ̀kùn ṣí. Sájẹ́ǹtì wọlé, ó ti ṣí fìlà, ojú rẹ̀ ti rẹ̀ wálẹ̀.

"Èèyà!" ló wí. "Ìgbà wo? Ṣebí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ wọn ni! Wọ́n ṣì ń bá wa ṣẹ̀fẹ̀ báyìí!"

Dókítà ya ẹnu, kò lè pa á dé. "Jíìnì ni!" ló wí nígbà tí ohùn rẹ̀ dé. "Jíìnì ni mo ní ó dákẹ́! Bí a ṣe ń sọ ọ́ níbí nìyẹn. Tí jíìnì ò bá ṣiṣẹ́, a ní ó dákẹ́. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n."

"Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wo inú awò," ni Àǹtí Ṣàlàyé wí. Ó yọ èéfọ́ inú àpò rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. "Ẹnì kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí kì í wo inú awò. Ó gbé àwo gíláàsì dání. Kò gbọ́ ju ohun tí Sájẹ́ǹtì gbọ́ yìí lọ."

Sájẹ́ǹtì dé fìlà rẹ̀ padà. "Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀," ló ń kùn. "Ti ibí yìí, gíláàsì ni."

Akọ̀wé wà níbi tí wọ́n fi í sí, láàárín àwọn àpótí.

"Ta lo ní ó kú?" ni Àǹtí Ṣàlàyé bi í.

"Télọ̀ mi, Mà."

"Ìwọ lo gbé ìda rẹ̀ lọ sílé àtijọ́."

"Iṣẹ́ mi ni, Mà. Tí ẹnikẹ́ni bá ti… Mo wá nọ́mbà rẹ̀ jáde nínú ìwé orúkọ, mo gbé e lọ fúnra mi. Mi ò jẹ́ kí àwọn agbẹ́rù fọwọ́ kàn án." Ẹkún tún ti dé. "Ó yẹ kí n kọ 'olóògbé' síwájú orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, kí n sì yọ nọ́mbà rẹ̀ kúrò nínú ìwé àpótí. Ọwọ́ mi ò lè kọ ọ́. Èmi tí mo ní kó kú! Mo ti bínú sọ ọ́, ó sì kú lóòótọ́. Mi ò kọ ọ́, mi ò sì tún lè ṣí ojú ewé yẹn wò mọ́."

Bí ìwé ṣe ń sọ pé ìda wà nínú àpótí àwọn alààyè nìyẹn, tí nọ́mbà kan sì ń sọnù tí ẹni tó gbé e lọ gan-an ò rántí nọ́mbà náà, tí kò sì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń wá.

"Kò kú," ni Àǹtí Ṣàlàyé wí. "Aṣọ rẹ sì ti ṣe tán."

Ọmọbìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

*

Nínú eruku ilé àtijọ́, ìda Ìyá Télọ̀ wà láàárín àwọn tí kò ní dìde mọ́, ó mọ́ ju gbogbo wọn lọ. Ẹnì kan ti fi áńkáṣíìfù nù ún. Agé-ìda fúnra rẹ̀ ló sáré lọ tọrọ ibi ọmọ ní yàrá ìgbẹ̀bí. Ó gé e, ó tẹ́ ẹ, ó fi ẹlẹ́rìí sí igun, ó tún wò ó bóyá ẹlẹ́rìí náà wà níbẹ̀, ó sì tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí dókítà tẹ̀ba lórí awò. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbé orí sókè, ó ní kí Àǹtí Ṣàlàyé wá wò ó.

Ẹlẹ́rìí ti di àwọ̀ kọfí. Ẹran tó wà láàárín náà ti di àwọ̀ kọfí láti etí dé etí.

"Ó ti jí," ni dókítà wí. "Bóyá kò tilẹ̀ sùn rí." Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi fóònù. Àǹtí Ṣàlàyé gbé ọwọ́ lé e.

"Oníṣẹ́-abẹ lẹ lè pè. Àmọ́ ti obìnrin náà, ẹsẹ̀ lẹ máa fi lọ. Fóònù ti ṣe tiẹ̀."

Wọ́n lọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọlọ́pàá méjèèjì sì ń tẹ̀ lé wọn. Wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bí ọmọ iléèwé tó fọ́ fèrèsé: dókítà níwájú, Agé-ìda tó fi aṣọ di ìka, Akọ̀wé tó sá pamọ́ sẹ́yìn wọn. Bàbá Awakọ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó ń tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀rọ ń dún gbirigbiri.

"Ó ń rìn, Mà," ni dókítà wí. "Mo sọ fún yín pé ó jókòó. Mi ò bi ẹlẹ́rìí kí n tó sọ ọ́. Ó ń rìn."

Ẹsẹ̀ Ìyá Télọ̀ dúró. Ẹ̀rọ náà dákẹ́. Bọ́tìnì kan já bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Awakọ̀, ó ń yí lọ lórí sìmẹ́ǹtì.

"Oògùn ńlá nìyẹn," ni obìnrin náà wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Wọn ò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀."

"Ṣé ó máa lé e bá?"

"Mi ò lè búra fún yín. Mi ò ní búra nǹkan kan mọ́." Dókítà kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Àmọ́ ká ní ẹ tẹ̀ lé èsì mi àkọ́kọ́ ni…"

"Mo gbọ́," ni Ìyá Télọ̀ wí. Kò sọ pé kò burú. Kò sọ pé òun dárí jì wọ́n. Ó kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí aṣọ tó ń rán, títí ojú rẹ̀ fi bọ́ sára ẹni tó sá pamọ́ sẹ́yìn. "Ìwọ! Jáde síta. Wá wọ aṣọ rẹ wò."

Akọ̀wé wọ̀ ọ́ lórí aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ṣò lára rẹ̀ bí ẹni fi aṣọ kọ́ igi.

"O ti rù! Kí lò ń kẹ́dùn nípa rẹ̀?" Ìyá Télọ̀ kó píìnì sẹ́nu, ó ń fa aṣọ náà mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mo máa gbà á wọlé. Padà wá lọ́jọ́ Ajé."

"Mà á wá, Mà." Omi ń já bọ́ sára aṣọ àlùkò náà. "Tí kò bá tíì ṣe tán, mà á tún wá lọ́jọ́ kejì. Ẹ máa purọ́ fún mi. Ojoojúmọ́ ni mà á máa wá."

Níta, Sájẹ́ǹtì rọra sọ sí ọ̀gá rẹ̀ létí. "Ọ̀gá, ta la wá máa mú?"

Àǹtí Ṣàlàyé wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, tí kò sẹ́ni tó lè wo ẹnì kejì rẹ̀ lójú. Ó rántí bàbá tó dúró sẹ́nu ọ̀nà dókítà láàárọ̀, àti òun fúnra rẹ̀ tó yẹ kó ti pa Sájẹ́ǹtì lẹ́nu mọ́.

"Níbo lo fẹ́ kó wọn lọ," ló wí, "tó le ju ibi tí wọ́n wà yìí lọ?"

Lẹ́yìn wọn, ẹ̀rọ náà kùn lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.